Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Nígbà Tí Wọ́n Bá Ní Ewu Náà Kéré

ÌBÉÈRÈ: Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́bàá odò tí à ń mu. Àwọn onímọ̀ wá yẹ omi náà wò, wọ́n ní májèlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré. Báwo ni májèlé ṣe lè wà nínú omi kí ewu rẹ̀ sì kéré? Àbí wọ́n kàn fẹ́ fi ọkàn wa balẹ̀ ni? Mo ní ọmọ kékeré nílé.

ÌDÁHÙN: A mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká yín lára. Ohun méjì ni a sábà máa ń dà pọ̀: ìpalára tí nǹkan kan lè ṣe, àti bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ìpalára náà dé bá ènìyàn. Májèlé ni àsẹ́níìkì níbikíbi tó bá wà, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àpáta tí ẹnikẹ́ni kò dé ìdí rẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tó bá wọ inú omi tí à ń mu lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n sọ fún yín lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ gbọ́dọ̀ lè fi hàn bí òun ṣe mọ̀.

Ní ọdún 1983, National Research Council ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà to irú ìwádìí yìí sí ìpele mẹ́rin, tí ọ̀pọ̀ àjọ ṣì ń tẹ̀ lé. Wọn a kọ́kọ́ wádìí àìsàn tí nǹkan náà lè fà. Wọn a wo bí àìsàn náà ṣe ń pọ̀ sí i bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Wọn a wá iye tó ń wọ ara àwọn ènìyàn gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọn a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a sọ bí ewu náà ti tó àti ibi tí ìmọ̀ àwọn mọ. Ìpele kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí ọmọ yín. Bí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó, ọmọdé ń mu omi ju àgbàlagbà lọ, ó ń rá nílẹ̀, ó sì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹ wo òjé (lead), tí òun náà jẹ́ májèlé: tí ọmọdé àti àgbàlagbà bá gbé ìwọ̀n òjé kan náà mì, èyí tí yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ìwádìí tó bá fi ara àgbàlagbà nìkan ṣe òṣùwọ̀n kò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ tún béèrè ìgbà mélòó ni wọ́n bu omi náà, àti ní àkókò wo nínú ọdún, nítorí májèlé tí omi púpọ̀ là nígbà òjò lè ki nígbà tí odò bá fà.

ÌBÉÈRÈ: Bí àbájáde ìwádìí bá ti jáde, kí ló dé tí àwọn aláṣẹ kì í kàn tẹ̀ lé e? Orílẹ̀-èdè kan a ní ìwọ̀n kan burú, òmíràn a gbà á láyè.

ÌDÁHÙN: Ìwádìí ń sọ bí ewu ti tó, kò lè dá sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, nítorí ohun tí a fẹ́ fi rọ́pò lè ní ewu tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bangladesh ni ó ń dùn mí jù lórí èyí. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga onípáìpù káàkiri ibẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà mu omi adágún àti odò tó ń fi ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1993 ni àṣírí tú níbẹ̀ pé àsẹ́níìkì inú ilẹ̀ ti wà nínú omi kànga. Ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kì í pani lójijì. Díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ń ba awọ ara jẹ́ tí ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ti gbogbo kànga pa lọ́jọ́ kan, omi tó ń pa àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ ni wọn ìbá tún padà sí. Wọ́n yẹ àìmọye kànga wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kun èyí tó léwu ní ọ̀dà pupa, wọ́n kun èyí tó ṣeé mu ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kí ẹni tí tirẹ̀ pupa lè lọ pọn omi lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àsẹ́níìkì má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù). Bangladesh fi tirẹ̀ sí 50. Májèlé kan náà ni. Ohun tí agbára ká àti omi mìíràn tó wà nílẹ̀ ni ó fa ìyàtọ̀. N kò sọ pé 50 dára: ẹni tó ń mu ún ṣì wà nínú ewu, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n sọ fún un láìfi nǹkan kan bò.

Irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan. Ní ọdún 2005, àjọ náà fi òdiwọ̀n ọdọọdún fún eruku wẹ́wẹ́ inú afẹ́fẹ́, PM2.5, sí máíkírógíráàmù 10 nínú kíúbíìkì mítà kan. Ní ọdún 2021 wọ́n já a sí 5, nítorí ẹ̀rí ti pọ̀ sí i pé ìwọ̀n tó kéré náà ń pani lára. Fún ìdí èyí, bí àwọn aláṣẹ bá pinnu láti dúró kí ìwádìí tún jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò, àti omi tí àwọn ènìyàn yóò máa mu títí di ọjọ́ náà.