Ṣé òfin ló ní ká má fún aláìnílé lóúnjẹ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la máa ń se oúnjẹ nílé, tí a ń gbé e lọ fún àwọn tó ń sun ìta láràárọ̀ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wolé-wolé kan dá wa dúró, ó ní a ò gba ìwé àṣẹ. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ṣé ká ṣíwọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kórìíra wolé-wolé yẹn. Mo ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kòkòrò àìfojúrí kò mọ oúnjẹ tí a tà yàtọ̀ sí èyí tí a fi tọrẹ. Bí inú bá ń run ẹni tó nílé, á rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sá lọ, á rí omi tó mọ́ mu, á rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ibo ni ẹni tó ń sun ìta fẹ́ sá lọ? Oúnjẹ tiwọn gan-an ló yẹ ká ṣọ́ jù.

Ẹ ò sọ ìgbà tí ẹ ń dáná. Bó bá jẹ́ alẹ́ Jímọ̀, tí ẹ dé ìkòkò sílẹ̀ di àárọ̀, ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ gbígbóná má rẹlẹ̀ ju 60 dígíríì (°C) lọ, kí tútù má kọjá 5, kí oúnjẹ tí a ti sè má sì wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ. Àárín 5 sí 60 yẹn ni kòkòrò ti ń gbèrú, inú ìkòkò ńlá sì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìrẹsì ló ń tan èèyàn jù. Irúgbìn kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa. Bó bá ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ ló ń jí, tó sì ń tu májèlé sílẹ̀. Wọ́n á ní, “Ẹ gbé e kaná, kòkòrò á kú.” Kòkòrò á kú lóòótọ́, àmọ́ májèlé yẹn kò ní kúrò.

Nítorí náà, ẹ dáná láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ pín in gan-an, kí ẹ bù ú sínú kúlà bó ṣe ń hó. Ẹ ra tẹ̀mómítà oúnjẹ. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ sè é sílẹ̀, ẹ pín in sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé, kí ẹ sì gbé e kaná dáadáa lọ́jọ́ kejì títí gbogbo rẹ̀ á fi kọjá 70. Ẹni tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ dé ìdí ààrò, àfi lẹ́yìn wákàtí 48 tí ara rẹ̀ ti yá.

Ní ti òfin, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1996 ń dáàbò bo ẹni tó fi ọkàn rere ta àjọ aláàánú lọ́rẹ oúnjẹ, kí wọ́n má pè é lẹ́jọ́, àyàfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣeni níbi tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bá pọ̀ jù. Síbẹ̀, òfin yẹn kò fagi lé ìwé àṣẹ ìlú. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì ìlera àyíká yín, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè lo ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ó máa ń tètè yanjú ju ti ilé yín lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó dá yín dúró kò bá lè tọ́ka sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú oúnjẹ tàbí ìmọ́tótó yín, ó lè jẹ́ àwọn aláìnílé gan-an ni kò fẹ́ rí níbẹ̀. Aburú nìyẹn, ẹ má gbà fún un. Ẹ ní kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan kù. Ẹni tí ebi ti pa rí máa ń fi ìdajì pa mọ́ sínú àpò, nínú oòrùn, di alẹ́. Ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì fi búrẹ́dì tàbí bísíkíìtì inú ọ̀rá kún un, kí wọ́n lè rí ohun fi pa mọ́.