Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀, Lísàbi kò sì dé Abẹ́òkúta

Ìbéèrè náà lọ báyìí: "Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe àwọn Ẹ̀gbá ní ọmọ Lísàbi? Ṣé òun ló tẹ Abẹ́òkúta dó ni? Kí sì ni ẹgbẹ́ àáró tí wọ́n ní ó dá sílẹ̀?" Ẹnìkan ti sáré dáhùn pé Lísàbi ni ọba àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, pé òun ló kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ, àti pé ẹgbẹ́ awo ni àáró. Irọ́ mẹ́ta lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, àwọn èèyàn sì ti ń gbé e kiri bí òdodo.

Lísàbi kò jọba rí, kò sì fojú kan Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ ni, Ìgbẹ́ìn ló ń gbé, nínú Igbó Ẹ̀gbá, ibi tí Ẹ̀gbá wà kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta, nígbà tí wọ́n ṣì ń sin Ọ̀yọ́. Ohun tó ṣe tí a fi ń rántí rẹ̀ bọ́ sí nǹkan bí ọdún 1775 sí 1780. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́, olórí ogun wọn, kó Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Bí àádọ́ta ọdún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. A ń pe Ẹ̀gbá ní ọmọ Lísàbi nítorí ohun tó kọ́ wọn. Ohun náà ni àáró, iṣẹ́ oko tí àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn ṣe ní àyípo, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ má da àáró pọ̀ mọ́ ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀, ẹnìkan ló ń bẹ̀ ẹ́: ó fẹ́ kọ́lé, tàbí ó fẹ́ bá àna rẹ̀ ro oko, ó ké sí ará àti ọ̀rẹ́, ó sè, ó pọn ẹmu, iṣẹ́ parí, oníkálukú lọ sílé rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka iye tó ṣe. Àáró ní ìṣirò. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn àti agbára wọn súnmọ́ra, tí oko wọn kò jìnnà síra, ni wọ́n ń kóra jọ, márùn-ún, mẹ́fà, ó pẹ́ tán mẹ́wàá. Wọ́n á fẹnu kò sí ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ sí oko rẹ̀. Lówùúrọ̀, kálukú gbé ọkọ́ tirẹ̀ dání. Wọ́n á tò sí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá kò gbọdọ̀ fi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Olóko ló ń bọ́ wọn lọ́jọ́ náà, àmọ́ oúnjẹ yẹn kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó iṣẹ́ ni pé bí mo bá kọ igba ebè lóko rẹ, igba ebè ni wàá kọ lóko mi, ebè kan kò gbọdọ̀ dín. Bó bá jẹ́ pé oko ríro la bá ọ ṣe, o kò lè fi ìkórè san án fún wa.

Ẹni tí àìsàn dá dúró á rán àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Bí kò bá rí ẹni rán, gbèsè ni, á sì san án kí àyípo náà tó parí. Ìdí tí àwọn àgbà kì í fi jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà pọ̀ jù nìyí: bí ẹ bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́rọọrún, tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin síra, ẹni kẹwàá yóò dúró fún ọjọ́ 36 lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ebè rẹ̀ bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbínú dé, àáró tú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bàjẹ́ nígbà púpọ̀, kì í ṣe nítorí ọ̀lẹ.

Ẹ wá wo ohun tí Lísàbi rí nínú rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, aṣojú Aláàfin, wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ta ni á fura sí ọkùnrin mẹ́wàá tó gbé ọkọ́ àti àdá lọ sóko ní kùtùkùtù? Àáró ti kọ́ wọn láti mọ ọjọ́, láti mọ ipò ara wọn, láti má fi ẹnìkejì sílẹ̀ lórí ìlà. Nígbà tí ẹgbẹ́ àáró náà di ẹgbẹ́ Olórógun, tí wọ́n pa ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, ní Ìgbẹ́ìn gẹ́gẹ́ bí àmì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló dojú kọ ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń dojú kọ ìlà tó kàn án. Ogun tí Ọ̀yọ́ rán wá gbẹ̀san padà lọ́wọ́ òfo.

Èrò mi ni pé láti ìgbà náà, gbogbo ohun ńlá tí Abẹ́òkúta ṣe nínú ìtàn Nàìjíríà, àáró ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú wọn: "Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba." Wọ́n ní ìlú aláìlólórí ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tí ì ronú sí àáró. Nínú àáró, ta ni olórí? Ẹni tí a wà lóko rẹ̀ lónìí ni. Lọ́la, òun náà á tò sí ìlà lóko ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé olórí kò sí, ó ń yí kiri ni. Láti 1830 títí di 1854 tí wọ́n fi Ṣágbúà Okúkẹ́nù jẹ Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko, ìlú yẹn dúró láìsí Aláké. Láàárín àkókò yẹn, Dahomey gbógun dé ní March 1851, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Kémta, Ìtòkú, Ìporo, Ìgbẹ́ìn tí ẹ ń pè ní àdúgbò lónìí, orúkọ ìlú tí ogun fọ́ nínú Igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n. Kálukú gbé orúkọ rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀ wá bí àgbẹ̀ ṣe ń gbé ọkọ́ rẹ̀ wá sí àáró.

Àwọn tó ń ka orúkọ nìkan, Townsend míṣọ́nnárì àti Ìwé Ìròyìn rẹ̀ ní 1859, Tinúubú, Ṣóyínká, Fẹlá, Abíọ́lá, Ọbásanjọ́, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ogun Adùbí ti 1918, tí Ẹ̀gbá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ. Owó orí ni wọ́n sọ pé ó fà á, owó orí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àfipáṣe náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kó èèyàn lọ ya títì láìsanwó. Lójú ọmọ Lísàbi, iṣẹ́ tí a kò ní bá ọ ṣe padà, ìsìnrú ni. Ni wọ́n bá hú ojú irin.

Ní 1947, ọ̀rọ̀ kan àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin ọdún 15 ń san owó orí, ọmọkùnrin sì ń dúró di ọdún 16. Àwọn obìnrin ń san, wọn ò sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà: ebè wọn ń lọ, ẹnikẹ́ni kò wá kọ tiwọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, àwọn ọlọ́jà àti àwọn tó kàwé lórí ìlà kan náà. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, obìnrin tó lé ní 10,000 sùn síwájú ààfin Aké, wọn kò kúrò títí ìjọba fi tú àwọn obìnrin tí wọ́n ti mú sílẹ̀. Ẹnìkan kò fi ẹnìkejì sílẹ̀ lórí ìlà. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró ní 1948, ní 3 January 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀.

Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ àáró, àwọn ọ̀dọ́ á ní èsúsú lẹ ń wí. Ẹ̀gbọ́n èsúsú ni. Owó ni tèsúsú, agbára ni tàáró, ìlànà kan náà ló bí wọn: kálukú dá iye kan náà, ẹnìkan gbà á lónìí, ẹlòmíràn lọ́la. Ó dùn mí pé èsúsú ṣì wà láàyè, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti di orúkọ inú ìwé.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ń kọ ọ́, àáró ni, ẹ fi àmì sí i dáadáa. Aró ni èyí tí wọ́n ń fi rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú, ààrò sì ni èyí tí wọ́n ń dáná sí.