Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ǹjẹ́ igbó di hàláàlì nígbà tí òfin ìlú bá fàyè gbà á?

Ìbéèrè: Assalamu alaikum, Ààfáà wa. Ìlú Toronto ní Kánádà ni mo ń gbé. Àwọn Mùsùlùmí kan níbí ń sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú mímu igbó mọ́, nítorí ìjọba ti fọwọ́ sí i. Ilé ìtajà igbó kan tí ó ní ìwé àṣẹ sì fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn: Wa alaikumu salam, arákùnrin mi. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018 mú ìyà ìjọba kúrò lórí àgbàlagbà tí ó bá ra igbó níbi tí a fàyè gbà, ṣùgbọ́n kò mú ohun tí igbó ń ṣe sí làákàyè kúrò. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé gbogbo ohun tí ń pani bí ọtí ni ọtí, gbogbo ọtí sì ni èèwọ̀. Ṣebí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta ọtí ní gbangba ní ìlú yín, ta ni ó fi ìyẹn sọ ọtí di hàláàlì?

Ohun tí ó tún ń dùn mí ni pé òfin tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rí yìí fúnra rẹ̀ ta ko àdéhùn. Ní ọdún 1961, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ìlò igbó kò ní kọjá ti ìṣègùn àti ti ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kánádà wà nínú rẹ̀ títí di òní, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀ sì gbà ní ọdún 2018 pé òfin náà yóò ta ko ojúṣe wọn nínú rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Bolivia rí i pé òun kò lè fi ewé kókà sílẹ̀, ewé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń jẹ lẹ́nu, tí àdéhùn náà sì kà léèwọ̀ bákan náà, ó kọ́kọ́ jáde kúrò nínú àdéhùn náà, ó sì padà wọlé ní ọdún 2013 pẹ̀lú àyọkúrò tí ó sọ síta, pé òun kò fara mọ́ apá tí ó ka jíjẹ ewé náà léèwọ̀; Kánádà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun sì sọ nínú Súratu-l-Mọ́idah, áyà kìn-ín-ní, pé: “Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbọ́ ní òdodo, ẹ mú àwọn àdéhùn ṣẹ.” Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ da àdéhùn náà, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rí níwájú Ọlọ́hun.

Ti aláìsàn tí dókítà kọ ọ́ fún, tí kò rí oògùn mìíràn tí ó lè rọ́pò rẹ̀, yàtọ̀; ìnira ti dé ibẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ náà, ẹ má gbà á, nítorí Ànábì ṣẹ́ èpè fún ẹni tí ń ta ọtí àti ẹni tí ń gbé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹ́ ẹ fún ẹni tí ń mu ún. Bí ó bá jẹ́ pé owó ilé ni ó ń tì yín síbẹ̀, ẹ má tijú láti lọ bá ìmáàmù mọ́sálásí yín kí iṣẹ́ mìíràn tó dé, nítorí aláìní àti ajigbèsè wà lára àwọn tí Ọlọ́hun ní kí a fún ní zakat.