Èsì: Kí ló dé tí ooru Ẹ̀pẹ́ fi ń dà wá láàmú ju ti Sókótó lọ?

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín pé kí ló dé tí 33 dígírì ní Ẹ̀pẹ́ níbí fi ń dà yín láàmú ju 40 tẹ́ ẹ rí ní Sókótó lọ, omi inú afẹ́fẹ́ ló fà á o, kì í ṣe oòrùn nìkan. Ara èèyàn máa ń fẹ́ wà ní bíi 37, òógùn ló sì fi ń tu ara ẹ̀ lára, àmọ́ òógùn tó kàn ń ro tótó sílẹ̀ ò ṣe nǹkan kan fún yín, èyí tó bá gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Sókótó gbẹ, kẹ́ ẹ tó nu ojú òógùn ti lọ. Níbí ńkọ́? Ọ̀sà rèé, òkun rèé, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, ibo ni òógùn fẹ́ gbà? Tíná bá tún lọ lóru oṣù kẹta, ilẹ̀ á mọ́ ara ò tíì sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń sọ kántankàntan nínú ooru, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, ẹ má kàn sọ pé ibà ni, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sọ́sípítù.

Ti màmá tẹ́ ẹ tún béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbọ̀n láàárọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, kò sí ìkúukùu tó máa dá ooru ilẹ̀ dúró lóru, gbogbo ẹ̀ á fò lọ, ara àgbà ò sì tètè ń móoru mọ́. Ẹ wá súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá kẹ́ ẹ tìlẹ̀kùn o, ó ń pani láìsí pé ẹ rí èéfín kankan.