Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Báyìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. *The Secret Lives of Baba Segi's Wives*, ìwé ìtàn àròsọ Lọlá Shónẹ́yìn tí Bàbá Sẹ̀gi àti àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń gba ọ̀rọ̀ sọ, ni mò ń kà lọ́wọ́. Bí mo bá gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, n kì í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ ya àtẹ ẹbí náà ni, àbí kí n ka ti ìyàwó kan tán kí n tó bọ́ sí ti èkejì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ to ọ̀rọ̀ wọn kí ẹ lè gba ẹnìkan gbọ́ ná, kí ẹlòmíì tó wá já a. Bí ẹ bá ṣa ti ìyàwó kan kà, àṣírí á tú ṣáájú àkókò. Àtẹ ẹbí náà léwu: okùn ìbátan gan-an ni irú ìwé báyìí sábà máa ń fi pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yà á dandan, pẹ́nsùlù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó sọ.

Abala ìwé kan ti tó láti fi ṣe àkọsílẹ̀. Ẹ fún olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀: ìyàwó mẹ́rin, Bàbá Sẹ̀gi, àti Tàjú awakọ̀. Bí orí kan bá parí, ẹ kọ ìlà méjì péré, kí ẹ tó ṣí èyí tó kàn: kí ló fojú ara rẹ̀ rí, kí ló kàn gbọ́? Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á di iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ó sì pa á tì.

Ẹ máa wo ohun tó ń jẹ olúkúlùkù lọ́kàn. Owó àti àṣẹ inú ilé ni ti Ìyá Sẹ̀gi. Ìyá Tọ́pẹ́ ń bẹ̀rù. Ìyá Fẹ́mi kò jẹ́ gbàgbé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú gbogbo àdúrà rẹ̀. Bọ́láńlé nìkan ni wọn kì í fi orúkọ ọmọ pè, kò sì sí Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé. Níbi tí kò bá ti sí “èmi”, bí orí kìíní tí inú ń run Bàbá Sẹ̀gi, ẹni tó dúró lóde ló ń ròyìn. Ẹ lè gbára lé e jù.

ÌBÉÈRÈ: Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì kò bá bára mu ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ ibi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ má tíì dájọ́. Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òótọ́ bá hàn? Nínú *Stay With Me* (2017), ìwé ìtàn àròsọ Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, Yéjídé àti Akin ọkọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ohun tí Akin fò ló wúwo ju ohun tó sọ lọ. Ẹ má fojú fo ìlú àti ọdún tó wà lókè níbẹ̀: Jos 2008 kì í ṣe Iléṣà 1985.

Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń kàwé, orí ìwé tí ẹ dé ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má kọ nọ́ńbà ojú ìwé. Bí ẹ bá ti mú lẹ́tà tóbi sí i, nọ́ńbà náà lè yí padà.