Ibà Ìyá àti Ọpọlọ Ọmọ Inú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi wó fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lo oògùn rẹ̀ tán. Aládùúgbò mi ní ibà a máa ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? (Aláboyún kan, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ní ìdí, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ.

Ọpọlọ ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, èyí tí Pío del Río Hortega, onímọ̀ ará Sípéènì, sọ lórúkọ microglia ní ọdún 1919. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ni pé àlejò ni wọ́n nínú ọpọlọ. Inú àpò kékeré tó máa ń so mọ́ ọlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ti ń wọ ọpọlọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún tí oyún dúró, nígbà tí mùdùnmúdùn egungun kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò sì tíì lọ forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò oyún.

Ìjà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Sẹ́ẹ̀lì tí ọpọlọ ń ṣe pọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni wọ́n ń gbé òkú inú wọn mì, tí wọ́n sì ń jẹ ìsopọ̀ tó bá pọ̀ jù láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, bí àgbẹ̀ kòkó ìhà Ifẹ̀ níbí ti ń gé ẹ̀ka tó kàn ń jẹ oúnjẹ igi lásán. (Kí n má parọ́, ara eku ni a ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí gígé yìí.)

Kì í sábà jẹ́ pé kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ ló wọ ọpọlọ ọmọ. Inú olóbì ló máa ń kó jọ sí, ara ìyá a sì máa tú èròjà ìkìlọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìkìlọ̀ náà bá le tó sì pẹ́, ó lè ru àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn sókè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ibà tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú ni mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti lo oògùn sí.

Ẹ mú páálí oògùn náà lọ síbi tí ẹ ti gba káàdì, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó. Ẹ béèrè Fánsídà, oògùn ìdènà ibà tí wọ́n ń fún aláboyún láti ọ̀sẹ̀ 13, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bímọ, pẹ̀lú àlàfo oṣù kan ó kéré tán. Bí Septrin bá máa ń sú sí yín lára, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó gbé Fánsídà mì, torí irú èròjà kan náà (sulfa) ló wà nínú àwọn méjèèjì.