Mo ti fún wọn ní àjẹsára, kí ló dé tí adìyẹ mi tún ń sín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Léyà 400 ni mo ní nínú kéèjì lẹ́yìn ilé, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 32, kíréètì 12 ni mò ń kó lójúmọ́. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sín lọ́jọ́ Tuesday, tó bá dalẹ́ téèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà á máa gbọ́ ọ̀fun wọn tó ń dún họ̀rọ̀họ̀rọ̀, kó tó di Sátidé gbogbo wọn ti kó o. Ní báyìí kíréètì 7 ni mò ń rí, èèpo ẹyin hunjọ, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá, tí mo bá fọ́ ọ sínú àwo funfun ẹ̀ á ṣàn lọ bí omi. Méjì péré ló kú. Mo sì fún wọn ní àjẹsára o! Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Àbúrò ọkọ mi tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá Ìbejì, Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò ọkọ yín pé kó fi ayé sílẹ̀ ná.

Ohun tí ẹ kọ yìí jọ IB, ìyẹn infectious bronchitis, àìsàn ọ̀nà èémí adìyẹ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, mo sì ní ó jọ ọ́ torí Newcastle, àìsàn adìyẹ míì, náà ń mú wọn sín, ó ń dín ẹyin kù, àyẹ̀wò ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ bó ṣe ràn kíákíá yẹn, tí ikú ò wá pọ̀, tí funfun ẹyin ń ṣàn bí omi, IB lọkàn mi lọ sí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìgò tí ẹ lò, tí ẹ ò bá tíì jù ú nù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fún adìyẹ ní Lasota tá a máa rò pé a ti parí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Newcastle ni Lasota wà fún, kò mọ nǹkan kan nípa IB. Tó bá jẹ́ ti IB, ẹ máa rí IB lára ẹ̀, tàbí H120, tàbí Ma5, tàbí 4/91. Ká wá ní H120 lẹ lò, tí kò sì bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín, ẹni tó tà á fún yín lè má jẹ̀bi rárá, torí fáírọ́ọ̀sì yẹn fúnra ẹ̀ ń pààrọ̀ ojú ni.

Ó ní ẹ̀gún ṣóńṣó ṣóńṣó lára, òun ló fi ń di ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ mú kó tó wọlé, òun náà sì ni ara adìyẹ fi ń dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ilà ojú. Àjẹsára ti kọ́ ara adìyẹ pé ọ̀tá tó ń bọ̀ kọ àbàjà, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ọ̀tá wá dé, pélé ló kọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wò ó títí, wọ́n ní kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní ká mú nìyí, ó bá kọjá.

Báwo ni ilà ṣe ń yí? RNA tí wọ́n kọ gbogbo ìṣẹ̀dá ẹ̀ sí gùn tó lẹ́tà bíi 27,600, gbogbo ìgbà tó bá sì ń pọ̀ sí i ló gbọ́dọ̀ da gbogbo ẹ̀ kọ, bí ọmọ ilé-kéú tó ń da wàláà kọ. Ó tiẹ̀ ní nǹkan tó ń bá a yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, síbẹ̀ àṣìṣe ń yọ́ kọjá. Èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, òmíì á tiẹ̀ pa fáírọ́ọ̀sì náà lára, àmọ́ tí díẹ̀ bá bọ́ sórí ẹ̀gún yẹn, lápá tí wọ́n ń pè ní S1, ilà ti yí nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ló burú jù lójú tèmi. Tí oríṣi méjì bá pàdé nínú ara adìyẹ kan, ó lè da ti ọ̀kan kọ dé àárín kó fò sórí tèkejì. Ẹ wo télọ̀ tó ń rán aṣọ oníbàárà méjì pọ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, tí oorun ń kùn ún, apá bùbá Ìyá Risi ló rán mọ́ ara tiyín. Àjẹsára tí fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ ṣì wà láàyè náà lè bá tìta ṣe irú ẹ̀, wọ́n ti rí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ lọ ra oríṣi mẹ́ta kẹ́ ẹ máa pò ó pọ̀ fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. 1931 ni àwọn olùwádìí méjì, Schalk àti Hawn, kọ́kọ́ ròyìn àìsàn náà, ní North Dakota ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 ni wọ́n rí i pé adìyẹ tí ara ẹ̀ ti mọ oríṣi IB tí wọ́n ń pè ní Massachusetts lè kó oríṣi tí wọ́n ń pè ní Connecticut, bẹ́ẹ̀ ẹbí Massachusetts yẹn ni H120 ti wá. Oríṣi míì tí wọ́n ń pè ní 4/91 jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991, èyí tí wọ́n ń pè ní QX jáde ní Ṣáínà ní 1996. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí mo rí i pé tiwa náà lórúkọ, IBADAN ni wọ́n pè é! Inú ohun tí wọ́n gbà lára adìyẹ ní Nàìjíríà ní 2006 ni wọ́n ti rí i, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2009, ní 2016 tí wọ́n to gbogbo wọn ní ìdílé ìdílé wọ́n fún un ní GI-26. Mi ò ní òun ló wà lára tiyín o, àmọ́ ṣé ẹ mọ iye páálí ọmọ adìyẹ tó ń ti Ìbàdàn wọ Ògbómọ̀ṣọ́?

Ní báyìí, kò sóògùn tó ń pa á. Áńtíbáọ́tíkì ò lè ṣe é ní nǹkan kan, àfi tí dókítà ẹran bá ní kòkòrò míì ti gorí ẹ̀. Ẹ kó ìgbẹ́ abẹ́ kéèjì kí òórùn ẹ̀ má máa ta wọ́n nímú, ẹ dí ibi tí atẹ́gùn tútù ń gbà fẹ́ lù wọ́n lóru. Ẹyin á máa padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, àmọ́ ó lè má dé 12 yẹn mọ́. Kẹ́ ẹ tó ra àjẹsára míì, ẹ ní kí dókítà ẹran fi òwú gba nǹkan lọ́fun wọn, kó tọ́jú ẹ̀ sínú yìnyín, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe PCR, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá RNA fáírọ́ọ̀sì náà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ po àjẹsára sómi, ẹ má lo omi ẹ̀rọ tó ní kiloríìnì, ṣe ló máa pa á sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kòrónà ni nǹkan yìí. Ṣé ká ṣì máa jẹ ẹyin? Ọmọ Ọ̀yọ́, Akẹ́sàn.

Ìdáhùn: Kòrónà ni lóòótọ́, ẹbí kan náà ni wọ́n, àmọ́ ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, adìyẹ ni tèyí ń bá jà, kì í mú èèyàn. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ jẹ ẹ́. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni tí adìyẹ bá ń kú lójijì lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ, ìyẹn lè jẹ́ bird flu tó wọ Nàìjíríà ní 2006, ẹ má fọwọ́ lásán kan òkú wọn, ẹ pe àwọn dókítà ẹran ìjọba.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ 28 làwọn tèmi wà, ogbe wọn pupa, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lóṣòó bí ẹni tó fẹ́ yé, ẹyin ò jáde. Caretaker kan, ọ̀nà Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ṣé wọ́n sín nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì? Tí IB bá mú wọn lásìkò yẹn, ó lè ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́ títí ayé. Ẹ pa ọ̀kan kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí pupa ẹyin tó já sínú ikùn, tí ọ̀nà ẹyin wá tín-ín-rín tàbí tó kún fún omi, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò ní yé mọ́. Ẹ kó wọn lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ yìí, kí owó oúnjẹ tó ju owó tẹ́ ẹ máa tà wọ́n lọ.